Von Rosen, òyìnbó tó fi bàálù wẹ́wẹ́ márùn-ún gbógun ti Nàìjíríà

Ẹni tó bá dúró ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, tó gbójú sókè wo Cocoa House, ilé alájà 26 tí wọ́n ṣí lọ́dún 1965, ni yóò mọ bí Carl Gustaf von Rosen ṣe máa ń fò tó. Bàálù rẹ̀ kì í ga tó òrùlé ilé yẹn rárá. Díẹ̀ ló kù kí ikùn rẹ̀ máa gbo orí igi.

Ọmọ ọlọ́lá ni, ará Sweden, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 19, oṣù kẹjọ, ọdún 1909. Göring, ọ̀gá ọmọ ogun òfurufú Hitler, ló fẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n von Rosen kò bá wọn rìn. Nígbà tí Ítálì ń ju bọ́ǹbù sí Etiópíà, bàálù Red Cross ló ń wà níbẹ̀. Ó jà fún Finland nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun tì í. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ó darí ọmọ ogun òfurufú Ọba Haile Selassie fún bí ọdún mẹ́wàá.

Oúnjẹ ló gbé e dé Biafra ní oṣù kẹjọ, ọdún 1968. Ó rí ọmọdé tí ebi ń pa, ó rí jẹ́ẹ̀tì tó ń ju bọ́ǹbù, ọkàn rẹ̀ sì yí padà. Aláàánú di jagunjagun, bẹ́ẹ̀ ọmọ èèyàn náà ló wà ní àwọn pápákọ̀ tó lọ kọlù. Ibi tí àríyànjiyàn wà lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Bàálù tó kó wá, MFI-9B, kò wúwo tó kílò 400 bí kò bá rù nǹkan kan. Rọ́kẹ́ẹ̀tì méjìlá ni wọ́n so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 22, oṣù karùn-ún, ọdún 1969, wọ́n kọlu Port Harcourt; lẹ́yìn náà ó kan Benin, Enugu àti ilé iṣẹ́ mànàmáná Ughelli. Kí àwọn tó ń ṣọ́ ìbọn nílẹ̀ tó rí wọn, wọ́n ti yìn ín, wọ́n ti gba orí igbó lọ. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Shittu Alao ni olórí ọmọ ogun òfurufú wa nígbà náà. Òun náà kú nínú ìjàǹbá bàálù ní Uzebba, lóṣù kẹwàá ọdún yẹn.

Ìṣòro ọ̀hún ṣì wà nílẹ̀. Ní oṣù kejìlá, ọdún 2024, dúróònù, bàálù kékeré tí kò ní awakọ̀, ni ISWAP fi ju bọ́ǹbù sí ibùdó ológun ní Wajiroko, ní Borno. Mísáìlì wọ́n jù fún irú nǹkan olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe DragonFire, tí wọ́n fi yìn sí ohun tó ń fò ní Scotland ní oṣù kìíní, ọdún 2024. Kò ní ọta: ìtànṣán lésà ló ń gbájú mọ́ ojú kan lára dúróònù títí ibẹ̀ yóò fi jó. Wọ́n ní owó tí wọ́n fi ń yìn ín lẹ́ẹ̀kan kò tó pọ́n-ùn mẹ́wàá. Àmọ́ òjò àti kùrukùru ń dín agbára rẹ̀ kù, eruku ọyẹ́ tiwa náà kò sì ní ṣàì ṣe bẹ́ẹ̀.

Von Rosen kò rí èyíkéyìí nínú rẹ̀. Nígbà tí ogun Biafra parí, ó padà sí Etiópíà, ó ń fi bàálù ju oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn tí ìyàn mú. Ní ọjọ́ 13, oṣù keje, ọdún 1977, àwọn jagunjagun Somalia ya wọ ìlú Gode, wọ́n sì pa á. Orí ilẹ̀ ló wà lọ́jọ́ náà.