Solange Faladé, ọmọ Àjàṣẹ́ tó ṣáájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ ní Faransé

Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ Faladé ní Àjàṣẹ́ mọ̀ pé ilé Ifá ló ti wá. Ọdún 1925 ni wọ́n bí Solange sí ìlú yìí. Ó tún jẹ́ ìran Béhanzin, ọba tí àwọn Faransé kó lọ sí ìgbèkùn ní Martinique ní 1894. Ilẹ̀ Faransé yìí kan náà ni wọ́n wá rán an lọ láti kàwé.

Kò sí yunifásítì ní Dàhòmì nígbà náà. Ọdún 1970 ló tó ní tirẹ̀. Solange yan ìmọ̀ ìṣègùn ní Paris, ẹ̀kọ́ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sinmi. Ì bá jókòó jẹ́ẹ́, kó gbàwé ẹ̀rí, kó máa lọ.

Ṣùgbọ́n àsìkò kò gbà bẹ́ẹ̀. Ogun Hitler ti parí ní 1945, ọ̀rọ̀ òmìnira sì ti wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ fọ́n káàkiri: ti Bordeaux lọ́tọ̀, ti Paris lọ́tọ̀. Ní ìparí 1950, wọ́n pàdé ní Bordeaux, wọ́n so ẹgbẹ́ wọn pọ̀ di FEANF, wọ́n sì fi Solange jẹ ààrẹ àkọ́kọ́. Obìnrin ẹni ọdún 25, láàárín àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ ju àríyànjiyàn lọ!

Ẹgbẹ́ náà le sí i lẹ́yìn rẹ̀, ó ń béèrè òmìnira ní gbangba, títí ìjọba Faransé fi tú u ká ní 1980. Solange kò jókòó pẹ́ sórí àga yẹn. Àwọn kan lè pè é ní ìfàsẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé tó fi gboyè dókítà ní 1955. Àwọn ọmọ ọwọ́ ní Senegal ló lọ wò: ìgbà tí wọ́n ń gbé orí dúró, tí wọ́n ń jókòó, tí wọ́n ń di nǹkan mú. Òṣùwọ̀n tí àwọn òyìnbó fi ń wọn ọmọ tiwọn ló lò, ó sì rí i pé ní ọdún àkọ́kọ́, ọmọ adúláwọ̀ ló máa ń yára jù. Ní ayé ìgbà tí àwọn kan ṣì ń pe adúláwọ̀ ní ẹni ẹ̀yìn, iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló wọ iṣẹ́ àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn, lọ́dọ̀ Jacques Lacan. Ní 1983 ó dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Paris, ó sì ń kọ́ àwọn ará Faransé níbẹ̀ títí ó fi kú ní 2004.