Àdùnní Olórìṣà: Ilé Kan Lójú Ọ̀nà Ìbòkun, Igbó Kan Létí Odò Ọ̀ṣun

Àwọn àgbà Òṣogbo kì í pìtàn ìlú wọn láìmẹ́nu ba igi kan tó wó. Wọ́n ní nígbà tí Láróòyè àti Olútìmẹ́hìn, ọdẹ tó ń pa erin, dé etí Odò Ọ̀ṣun, tí wọ́n ń gé igi kí wọ́n lè tẹ̀dó, igi kan wó sínú omi, ó sì fọ́ ìkòkò aró òrìṣà. Ọ̀ṣun bínú. Ó ní kí wọ́n sún sókè, kí wọ́n fi etí odò sílẹ̀ fún òun. Wọ́n gbà, wọ́n sì bá a mulẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti di èèwọ̀ láti dọdẹ, láti pẹja tàbí láti gé igi nínú igbó náà. Ènìyàn gba ilé tirẹ̀, ẹja àti ẹranko gba tiwọn. Oyè Àtáọ́ja gan-an, ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja, ń rán wa létí ìmulẹ̀ yìí.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ awo àti ẹ̀yin àlejò wa lọ́dún yìí kì í ṣe ọmọ Òṣogbo, kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá nípa ìbí. Síbẹ̀, nígbà tí ìmulẹ̀ náà fẹ́ já, ó wà lára àwọn tó dì í mú.

Susanne Wenger ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Austria ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, ọdún 1915. Ó kọ́ṣẹ́ ọnà níbẹ̀ àti ní Vienna, Vienna náà ló sì wà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1949 ó pàdé Ulli Beier ní Paris. Nígbà tí Beier ríṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn ní 1950, àwọn méjèèjì jọ wá. Kò pẹ́ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ fi gbé e dálẹ̀, àìsàn náà sì lé ní ọdún kan lára rẹ̀. Ní Ẹdẹ ni ó ti bá Àjàgẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, pàdé. Wọn kò tíì gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n Àjàgẹmọ gbà á bí ọmọ, ó sì mú un wọlé sínú ẹ̀sìn. Láti Ẹdẹ ó kọjá sí Ìlobùú, kó tó wá fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo. Òun àti Beier kọ ara wọn sílẹ̀ láìjà. Ó fẹ́ onílù kan, Àyánṣọlá Onírù. Àwọn ará ìlú sì ń pè é ní Àdùnní.

Ilé alájà tí wọ́n kọ́ lọ́nà ti àwọn Àgùdà ni ó ń gbé, lójú Ọ̀nà Ìbòkun. Ó gba ọmọ tó lé ní mẹ́wàá tọ́ níbẹ̀. Àga gbígbẹ́ àti ère ló kún inú ilé náà, olórìṣà ń wọlé, oníṣẹ́ ọnà ń jáde, àlejò láti ìlú òkèèrè ń gun àkàsọ̀ rẹ̀ lọ kí ìyá. Ilé àwọn ènìyàn nìyẹn. Ilé àwọn tí kì í ṣe ènìyàn wà létí odò, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà.

Ní àwọn ọdún 1950, ikán ti ń jẹ ojúbọ Ọ̀ṣun. Àwọn ọdẹ ń wọ inú igbó, apẹja ń sọ àwọ̀n, agégi ń gégi. Ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ti mú apá kan rẹ̀ fún ìdánwò ọ̀gbìn, àwọn tó ń ta ilẹ̀ sì ti ń fojú wọn ìyókù. Àwọn tó yẹ kó sọ̀rọ̀ kò tó nǹkan mọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí. Nígbà náà ni wọ́n ké sí Àdùnní pé kó wá bá wọn tún ojúbọ ṣe. Ó kó bíríkìlà àti gbẹ́nàgbẹ́nà jọ: Adébísí Àkànjí, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, Kàsálí Àkàngbé àti àwọn mìíràn. (Ẹ wo iye orúkọ mùsùlùmí tó wà nínú wọn.) Ìtúnṣe ojúbọ kan di iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì àti amọ̀ mọ ògiri, wọ́n mọ ère tó ga ju igi mìíràn lọ, wọ́n sì ń gbé wọn dìde sí ibi tí wọ́n ti ń halẹ̀ mọ́ igbó.

Àríyànjiyàn kò tán lórí àwọn ère wọ̀nyí. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti jà sí i ní yunifásítì. Àwọn kan ní ta ló rán òyìnbó láti fi sìmẹ́ǹtì ya ojú òrìṣà wa fún wa? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tí kò bẹ̀rù èèwọ̀ mọ́ máa ń dúró wo ère ńlá. Ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ kò sì lè sọ pé igbó lásán ni. Ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé òyìnbó kan ṣoṣo ló gba igbó Ọ̀ṣun là. Àwọn ìyálóòṣà tó pè é, Àtáọ́ja tó ṣe ìgbọ̀wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ Òṣogbo tó po sìmẹ́ǹtì lójú oòrùn, gbogbo wọn ló ni iṣẹ́ náà.

Ní 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé hẹ́kítà 75. Ní 2005, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, èkejì ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur. Irúfẹ́ ewéko tó lé ní 400 ló wà nínú rẹ̀, èyí tó lé ní 200 nínú wọn sì wúlò fún ìwòsàn. Awo tó ti wá ewé kan títí láàárín ìlú tí kò rí i yóò mọ ohun tí iye yẹn túmọ̀ sí. Àwọn ọ̀bọ ń fò káàkiri orí igi àti orí ère, kò sí ẹni tó ń dọdẹ wọn.

Àdùnní papò dà ní Òṣogbo ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní, ọdún 2009, ní ẹni ọdún 93.

Ẹ̀yin tí ẹ bá máa ti ibi ọdún Ifá yìí lọ sí Òṣogbo, ẹ kọ́kọ́ ya Ọ̀nà Ìbòkun kí ẹ rí ilé náà lóòótọ́, kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò. Ẹ má ṣe ju búrẹ́dì sí àwọn ọ̀bọ. Tí ẹ bá dé etí omi, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Láti ọdún díẹ̀ wá, àwọn tó ń wa wúrà lápá òkè odò ti sọ ọ́ di ẹrẹ̀, kò sì sí ère kan nínú gbogbo èyí tí Àdùnní àti àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ tó dé ibi tí wọ́n ti ń wà á. Àwọn olùfọkànsìn ṣì ń fi igbá bu omi náà mu ní oṣù Kẹjọ. Omi kan náà ni àwọn ọ̀bọ ń sọ̀ kalẹ̀ wá mu.