Enrico Fermi, ẹni tó fi ìṣirò kó iná átọ́mù níjàánu

Ìlú Róòmù ní ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti bí Enrico Fermi, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1901. Ní 1915, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Giulio, tí wọ́n jọ ń ṣe gbogbo nǹkan, kú lójijì níbi iṣẹ́ abẹ kékeré kan. Ọmọ náà bá sá sínú ìwé. Ní ọjà Campo de' Fiori, ó ra ìwé àlòkù kan nípa físíìsì, tí wọ́n fi èdè Látìn kọ. Ó kà á tán.

Kò ju ọmọ ọdún 25 lọ nígbà tó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní 1938, ó gba ẹ̀bùn Nobel. Ní ọdún yẹn kan náà, ìjọba Mussolini ṣe òfin tó ń ni àwọn Júù lára, Júù sì ni Laura ìyàwó rẹ̀. Láti Stockholm tó ti lọ gba ẹ̀bùn náà, òun àti ìdílé rẹ̀ kò padà sílé mọ́. Amẹ́ríkà ni wọ́n gbà lọ.

Láìpẹ́, ìròyìn dé láti Jámánì pé átọ́mù úráníọ̀mù ṣeé là sí méjì. Átọ́mù ni èérún tín-ín-tín tí gbogbo nǹkan fi jẹ́; nútírọ́ọ̀nù tún kéré sí i, àárín átọ́mù ló ń gbé. Bí nútírọ́ọ̀nù kan bá la átọ́mù úráníọ̀mù, ooru yóò jáde, nútírọ́ọ̀nù méjì tàbí mẹ́ta mìíràn yóò sì tú jáde, tí àwọn náà lè la òmíràn. Àgbẹ̀ tó wà ní Glei mọ irú rẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni iná ìgbà ọyẹ́ ṣe ń ti orí koríko kan bọ́ sí orí èkejì, títí oko yóò fi jóná.

Ṣé ọwọ́ èèyàn lè ká irú iná bẹ́ẹ̀? Ẹ wo ìṣirò yìí. Kí nútírọ́ọ̀nù 100 bí 101, kí 101 náà tún bí ní ìwọ̀n kan náà. Ó jọ èrè kékeré. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí Fermi fẹ́ kọ́, ìran kan kò gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú 1 000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Lẹ́yìn ìran 1 000, 100 yẹn yóò ti ju 2 000 000 lọ. Ìṣẹ́jú-àáyá kan péré!

Àwọn tó ń pẹ́ dé ló yọ ọ́. Ní 1939, àwọn onímọ̀ ní Washington rí i pé àwọn nútírọ́ọ̀nù kan máa ń fà sẹ́yìn. Nínú 10 000, nǹkan bí 65 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn fún bí ìṣẹ́jú kan. Bí àlékún kò bá tó 65 yìí, iná náà kò lè sáré. Dandan ni kó dúró de àwọn tó kù lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún 1942, Fermi dán an wò láàárín ìlú Chicago, lábẹ́ ìjókòó pápá ìṣeré. Wọ́n to búlọ́ọ̀kù gráfíìtì, irú ohun dúdú tó wà nínú kíréyọ̀n, wọ́n sì fi úráníọ̀mù sáàárín wọn. (Púpọ̀ nínú úráníọ̀mù tí Amẹ́ríkà lò nígbà ogun náà, Shinkolobwe ní ilẹ̀ Kóńgò ni wọ́n ti wà á, wọn kì í sábà dárúkọ rẹ̀.) Ọ̀pá kádímíọ̀mù, tó ń gbé nútírọ́ọ̀nù mì, ni ìjánu. George Weil ń fa ọ̀pá tó kẹ́yìn jáde díẹ̀díẹ̀. Kó tó fà á, Fermi á ti ṣírò ibi tí kálàmù ẹ̀rọ yóò dúró sí lórí pépà. Ibẹ̀ náà ni yóò sì dúró. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀pá ààbò kan já wálẹ̀ pẹ̀lú ariwo, nítorí wọ́n ti ṣètò rẹ̀ kó tètè já jù. Fermi ní kí gbogbo wọn lọ jẹun.

Nígbà tí agogo mẹ́ta ọ̀sán fi ìṣẹ́jú 25 kọjá, kálàmù gòkè, kò dúró mọ́. Nútírọ́ọ̀nù 10 000 ń bí 10 006. Mẹ́fà péré ni àlékún, ó jìnnà sí 65. Nítorí náà, ó gba iná náà ní bí ìṣẹ́jú méjì kó tó di ìlọ́po méjì. Àyè wà láti ti ọ̀pá padà. Wọ́n tì í padà, iná kú.

Fermi wà lára àwọn tó ṣe bọ́ǹbù tó run Hiroshima àti Nagasaki ní 1945. Ní 1949, ó kọ̀wé tako èyí tó tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ iná átọ́mù ti Faransé lónìí, wọ́n ṣì ń ṣírò àwọn tó ń pẹ́ dé yẹn.

Ní 1954, jẹjẹrẹ inú dá a dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Emilio Segrè lọ kí i. Omi oúnjẹ ń kán wọ ara rẹ̀. Fermi mú aago dání, ó ń ka ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣírò bó ṣe ń yára tó. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá, ní ọmọ ọdún 53.