Bert Patenaude: Góòlù mẹ́ta ló gbá wọlé, méjì ni wọ́n kọ mọ́ orúkọ rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ti Bert Patenaude, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ atamátàsé nígbà tí iṣẹ́ bọ́ọ̀lù gbígbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà, ìrìn òtítọ́ pẹ́ ju ogún ọdún lọ. Ọdún 1930 ni ọkùnrin yìí gbá góòlù mẹ́ta wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo níbi ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àkọ́kọ́, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tí ì ṣe rí níbẹ̀. Ọdún 2006 ni àjọ FIFA, tí ó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù lágbàáyé, tó gbà pé òun ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Nígbà tí ìròyìn ayọ̀ náà fi máa jáde, Patenaude ti lo ọdún 32 nínú ibojì.

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá, ọdún 1909 ni wọ́n bí Bertrand Patenaude ní ìlú Fall River, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ìran àwọn ará Kánádà tí ń sọ èdè Faransé ni àwọn ẹbí rẹ̀. Ìlú òwú ni Fall River nígbà náà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ran òwú, tí wọ́n sì ti ń hun aṣọ, ló kún ìlú náà bámúbámú, iṣẹ́ yìí ló sì kó onírúurú ènìyàn wá síbẹ̀. Àwọn kan ti Lancashire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, àwọn kan ti erékùṣù Azores tí í ṣe ti ilẹ̀ Potogí wá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn sì sọ̀ kalẹ̀ láti Kánádà. Àwọn ará Lancashire kó ọgbọ́n iṣẹ́ ìhunṣọ dání wá, wọ́n sì kó bọ́ọ̀lù dání pẹ̀lú rẹ̀. Láti ọdún 1888 ni àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Fall River ti ń gba ife. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ń fi gbogbo ọkàn fẹ́ràn baseball, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni àwọn ọmọ Fall River ń gbá ní ìgboro. Inú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Patenaude dàgbà sí.

Ní ọdún 1921, wọ́n dá líìgì kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní American Soccer League. Líìgì yìí ló jẹ́ kí bọ́ọ̀lù di iṣẹ́ gidi ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ló wà lẹ́yìn díẹ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ náà. Bethlehem Steel jẹ́ ti ilé iṣẹ́ irin, J&P Coats sì jẹ́ ti àwọn tí ń ṣe òwú ìránṣọ ní Pawtucket. Owó tí wọ́n ń san dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Scotland ń fi ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Amẹ́ríkà.

Ẹgbẹ́ tí ó lókìkí jù ní Fall River ni Marksmen, oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Sam Mark ló sì ni ín. Òfin Massachusetts kò fi àyè gba eré ìdárayá olówó ní ọjọ́ Ìsinmi, bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ máa ń dilẹ̀. Kí ni Mark ṣe? Ó ré ààlà kọjá sí Tiverton, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island tí ó wà ní ìtòsí, ó sì kọ́ pápá ìṣeré tirẹ̀ sí ibẹ̀. Àwọn ará ìlú ń rìn kọjá ààlà lọ wo bọ́ọ̀lù, òfin kò sì rí wọn mú.

Ọdún 1928 ni Patenaude wọ iṣẹ́ bọ́ọ̀lù, ọmọ ọdún 18 sì ni. Ẹgbẹ́ kan ní Philadelphia ló ti bẹ̀rẹ̀, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ péré ló sì gbá fún wọn, góòlù mẹ́fà ló gbá wọlé. Ó ya ọ̀dọ̀ J&P Coats fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ló padà sílé, ó di ọmọ ẹgbẹ́ Marksmen. Àárín gbùngbùn iwájú ni ipò rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti bá Billy Gonsalves ṣe pọ̀, ọmọ àwọn ará Potogí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àgbà agbábọ́ọ̀lù jùlọ ní Amẹ́ríkà láyé ìgbà náà. Ní ọdún 1930, Marksmen gba ife ẹ̀yẹ gbogbo orílẹ̀-èdè, National Challenge Cup, lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun ẹgbẹ́ Bruell Insurance láti Cleveland.

Ọdún yẹn kan náà ni FIFA ṣètò Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè Uruguay. Amẹ́ríkà yan agbábọ́ọ̀lù 16, Patenaude sì wà nínú wọn. Ní oṣù kẹfà, ọdún 1930, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi Munargo, wọ́n sì forí lé gúúsù. Títí di òní ni àwọn kan ń sọ pé àwọn ará Bìrìtìkó tí wọ́n rà lówó ni Amẹ́ríkà kó lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, mẹ́fà nínú wọn ni wọ́n bí sí Bìrìtìkó, ṣùgbọ́n George Moorhouse nìkan ló ti gbá bọ́ọ̀lù olówó níbẹ̀ rí, kò sì ju ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì lọ tí ó gbá nínú líìgì fún Tranmere Rovers. Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ni àwọn yòókù ti kọ́ iṣẹ́ wọn.

Ní ọjọ́ 13, oṣù keje, ìdíje náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà ní ìlú Montevideo. Amẹ́ríkà àti Belgium ló pàdé nínú ọ̀kan, ní pápá Parque Central. Amẹ́ríkà fi góòlù mẹ́ta sí òdo borí, Patenaude ló sì gbá ẹ̀kẹta wọlé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ní ọjọ́ 17, wọ́n padà sí pápá kan náà láti kojú Paraguay. Paraguay kì í ṣe ẹgbẹ́ tí a lè fojú di. Ọdún 1929 tí ó ṣáájú ni wọ́n ṣe ipò kejì nínú ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Gúúsù Amẹ́ríkà, tí Uruguay alára sì wà lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú 10 tán ni Patenaude ti gbá ọ̀kan sáwọ̀n. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, bọ́ọ̀lù tún wọlé. Nígbà tí wọ́n ti ìsinmi dé, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50, Patenaude tún gbá òmíràn wọlé. Mẹ́ta sí òdo ni ó parí sí, Amẹ́ríkà sì bọ́ sí ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá. Ọmọ ogún ọdún ni Patenaude ní ọjọ́ náà.

Góòlù kejì yẹn, èyí tí ó wọlé ní ìṣẹ́jú 15, ni gbogbo wàhálà tí ó tẹ̀lé e dá lé lórí. Ní ayé ìgbà náà, kò sí nọ́ńbà ní ẹ̀yìn aṣọ agbábọ́ọ̀lù, kò sì sí tẹlifíṣàn tí wọ́n lè fi tún un wò. Ohun tí ojú akọ̀ròyìn bá rí láti òkèèrè ni yóò kọ. Bí àwọn kan ṣe kọ ọ́ pé Patenaude ló ni góòlù náà ni àwọn mìíràn kọ ọ́ pé Tom Florie, balógun ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà, ló ni ín. Àwọn kan tún sọ pé ọmọ Paraguay kan, Aurelio González, ló ṣèèṣì gbá a sínú àwọ̀n ara wọn. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ FIFA, Florie ni wọ́n kọ ọ́ fún. Báyìí ni góòlù mẹ́ta Patenaude ṣe di méjì.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ní ọjọ́ 19, Guillermo Stábile ti Argentina gbá góòlù mẹ́ta wọlé nígbà tí wọ́n na Mexico ní mẹ́fà sí mẹ́ta. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Stábile máa gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Kò ṣe àìdáa kankan, kò sì gba ohun oníǹkan. Ṣùgbọ́n nítorí pé góòlù méjì ni ìwé kà fún Patenaude, Stábile ni ayé pè ní ẹni àkọ́kọ́.

Àwọn méjèèjì pàdé lórí pápá ní ọjọ́ 26, oṣù keje, nígbà tí Amẹ́ríkà kojú Argentina. Ọjọ́ burúkú ni fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ Ralph Tracey ṣẹ́, aṣọ́lé wọn Jim Douglas fara pa, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ gbá Andy Auld lójú. Òfin ìgbà náà kò sì gbà kí ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tí ó bá ṣèṣe. Argentina nà wọ́n ní mẹ́fà sí ọ̀kan, Stábile sì gbá méjì nínú rẹ̀ wọlé. Síbẹ̀, ipò kẹta ni àkọsílẹ̀ FIFA gbé Amẹ́ríkà sí, ipò yẹn náà sì ni ó ga jùlọ tí ẹgbẹ́ ọkùnrin wọn dé títí di ìdíje ọdún 2022.

Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹjọ, kí wọ́n tó padà sílé, wọ́n bá Brazil gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ní Rio de Janeiro. Brazil borí pẹ̀lú mẹ́rin sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n Patenaude gbá méjì wọlé. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè parí sí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin péré ló gbá, góòlù mẹ́fà ló gbá wọlé, kò sì ju nǹkan bí oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ lọ láàárín ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ. Amẹ́ríkà kò bá orílẹ̀-èdè kankan gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí di ọdún 1934.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ilé tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé ti ń wó. Ìjà ńlá ti wáyé láàárín líìgì àti àjọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní ọdún 1928 àti 1929, ìjà náà sì jẹ owó gbogbo wọn. Kí wọ́n tó mí, ọ̀dá owó ńlá bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọdún 1929. Àwọn ilé ìhunṣọ Fall River ń ti ilẹ̀kùn, òṣìṣẹ́ tí kò rí owó oúnjẹ kò sì lè rí owó bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1931, Sam Mark kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí New York, ó da á pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn, ó sì sọ ọ́ ní New York Yankees. Ọdún yẹn ni wọ́n tún dé àṣekágbá National Challenge Cup, tí wọ́n kojú ẹgbẹ́ Bricklayers láti Chicago. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, mẹ́fà sí méjì ni wọ́n fi borí. Góòlù márùn-ún nínú mẹ́fà náà, Patenaude nìkan ló gbá wọn wọlé. Àwọn ni wọ́n sì gba ife náà níkẹyìn.

Nígbà tí ó fi di ọdún 1933, líìgì náà ti túká. Bí ẹyẹ tí igi ìtẹ́ rẹ̀ wó ni Patenaude ṣe ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, láti New York dé Philadelphia. Ó dé St. Louis pẹ̀lú, níbi tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Gonsalves ti ran Central Breweries lọ́wọ́ láti gba ife gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọdún 1935.

Nígbà tí ó jáwọ́ nínú bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí ó rántí pé líìgì ńlá kan ti wà rí kò pọ̀ mọ́. Ní ọdún 1971, wọ́n kọ orúkọ Patenaude sí Gbọ̀ngàn Àwọn Akọni bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n Stábile ṣì ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìwé FIFA. Ní ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá, ọdún 1974, ọjọ́ tí ó pé ọdún 65 gẹ́lẹ́, Patenaude jáde láyé ní Fall River tí wọ́n ti bí i.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn òpìtàn bọ́ọ̀lù, Colin Jose sì wà nínú wọn, tú ẹrù àtijọ́ wò. Wọ́n ka ìwé ìròyìn ọdún 1930. Wọ́n ka ìjábọ̀ tí Wilfred Cummings, alábòójútó ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà, kọ nígbà tí wọ́n ti Uruguay dé. Wọ́n gbọ́ ẹ̀rí àwọn tí wọ́n jọ rìn ìrìn àjò náà. Patenaude ni ẹ̀rí náà tọ́ka sí. Ní ọjọ́ kẹwàá, oṣù kọkànlá, ọdún 2006, FIFA kéde pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbá góòlù mẹ́ta wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni ìkéde náà fi kọjá àyájọ́ ọjọ́ tí wọ́n bí i, tí í ṣe àyájọ́ ọjọ́ tí ó kú.

Geoff Hurst ṣe bẹ́ẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì ní àṣekágbá ọdún 1966, Kylian Mbappé ṣe é fún Faransé ní ti ọdún 2022, gbogbo ayé sì fi ojú ara wọn rí i. Ọmọ ìlú òwú yìí ni ó la ọ̀nà náà fún wọn, lójú àwọn ènìyàn díẹ̀ ní Montevideo, pẹ̀lú aṣọ tí kò ní nọ́ńbà. Bí kì í bá ṣe ti àwọn tí ó tọ́jú ìwé ìròyìn àtijọ́ àti ìjábọ̀ Cummings, góòlù kejì náà kì bá tí padà sí ọwọ́ ẹni tí ó ni ín láéláé.