Fáfúnwá, Ẹni Tí Ó Fi Èdè Ilé Kọ́ Ọmọ

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń rántí rẹ̀ nígbà tí a bá ń kọ ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́? Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá rántí rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀ níbí ni ó sì ti sọ ọ́ di iṣẹ́.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni a ti bí Alíù Bàbátúndé Fáfúnwá ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1923. Ó ka ìwé ní CMS Grammar School, Èkó, kí ó tó kọjá sí Amẹ́ríkà. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní Bethune-Cookman ní 1950, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì New York ní 1955. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Ní 1961 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yunifásítì Nsukka. Rògbòdìyàn tí ó yọrí sí ogun abẹ́lé ni ó mú un kúrò níbẹ̀ wá sí Yunifásítì Ifẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, Yorùbá ni a fi ń kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí ó bá ti dé kíláàsì kẹrin, Gẹ̀ẹ́sì gba ipò. Ọmọ tí ó ń bá ìyá rẹ̀ ta iṣu, tí ó mọ owó tí ó kù láti fún oníbàárà láìlo gègé, á wá di òpè níwájú ìṣirò, nítorí pé kò gbọ́ èdè tí a fi bi í ní ìbéèrè. Olùkọ́ á sì rò pé kò ní làákàyè ni. Ọ̀pọ̀ jáde ìwé mẹ́fà láìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yanjú, wọn kò sì lè kọ Yorùbá tí ó gún.

Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Afọláyan wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A', Modákẹ́kẹ́. Àjọ Ford ti Amẹ́ríkà fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ apá kan nínú àwọn ọmọ náà fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọ́n kọ́ apá kejì bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Wọn kò ta Gẹ̀ẹ́sì nù o: wọ́n fi ṣe iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, wọ́n sì yan olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú fún un.

Ìṣòro ńlá ni ti ìwé. Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní Yorùbá tí ó lè gbé ọmọ dé kíláàsì kẹfà. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́. Wọ́n gbé ohun tí wọ́n kọ lọ sí kíláàsì, wọ́n wo ibi tí ó ti rú ọmọ lójú, wọ́n sì tún un ṣe. Wọ́n tún àwọn olùkọ́ náà kọ́. Ní 1973 iṣẹ́ náà tàn dé àwọn ilé-ìwé mìíràn.

Àwọn òbí kan ti bẹ̀rù pé ọmọ wọn yóò pàdánù Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a wọn èso iṣẹ́ náà, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ló ta yọ nínú iṣẹ́ yòókù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990 títí di 1992, ó sì papò dà ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 2010. Ọ̀rọ̀ tí ó jà fún kò tíì parí: ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin èdè abínibí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2022, wọ́n sì fagi lé e ní 2025.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, òfin lè yí padà, ṣùgbọ́n ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò kúrò lọ́wọ́ wa. Kí a tó kọ ohun tí a fẹ́ kọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó ti mọ̀ wá láti ilé.