Frank Hornby (1863–1936): Bàbá tí Ó Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe Ohun Ìṣeré fún Àwọn Ọmọ Rẹ̀

Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 tí a ti ṣí ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, ọkọ̀ ojú irin ti di ohun tí àwọn ọmọ Mọ́níyà ń fi ojú ara wọn rí. Ọmọ tí ó bá ti dé ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ yóò fẹ́ padà sílé lọ fi páálí kọ́ irú rẹ̀. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, kí a tó pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ìdọ̀tí, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìtàn Frank Hornby.

Ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí i sí, ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 1863. Kò fẹ́ràn ilé-ìwé, a sì máa sá kúrò níbẹ̀. Ìwà tí a kò gbọdọ̀ fi kọ́ ọmọ wa ni. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kan tí Samuel Smiles kọ bọ́ sí i lọ́wọ́ ní kékeré, ìtàn àwọn oníhùmọ̀ tí wọ́n jìyà kí wọ́n tó jèrè sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Kò kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ rárá. Akọ̀wé ìṣirò owó ni ó di lọ́dọ̀ David Elliott, oníṣòwò ẹran.

Ní ọdún 1887, ó fẹ́ Clara Godefroy, olùkọ́ ilé-ìwé. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin wọn méjèèjì, Roland àti Douglas, dàgbà tó ẹni tí ń ṣeré, bàbá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gé páànù bàbà nílé, ó ń fi í ṣe afárá àti ẹ̀rọ tí ń gbé ẹrù sókè. Ìṣòro kan wà níbẹ̀: ohun tí ó gé fún afárá kò wúlò fún ẹ̀rọ agbẹ́rù. Bí wọ́n bá fẹ́ ohun mìíràn, àfi kí ó tún páànù mìíràn gé. Níkẹyìn, ó rí i pé bí gbogbo ọ̀pá bá fẹ̀ ní ìdajì íǹṣì, tí àlàfo ihò sí ihò sì jẹ́ ìdajì íǹṣì, bóòtù àti nọ́ọ̀tì yóò so èyíkéyìí mọ́ èyíkéyìí. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni ó yí ọ̀ràn náà padà.

Ó yá pọ́n-ùn 5 lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ láti fi gba ìwé ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ ní ọdún 1901, ọdún kan náà tí ojú irin àkọ́kọ́ dé Ìbàdàn láti Èkó. Páálí kọ̀ọ̀kan jẹ́ ṣílè 7 àti sísì. Ọjà náà kò tètè yá. Ní ọdún 1903 ó ta 1,500, síbẹ̀ kò rí èrè. Ó di ọdún 1906 kí èrè díẹ̀ tó yọjú. Ẹni tí ó ní aya àti ọmọ láti bọ́ ìbá ti padà lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Hornby kò padà. Ní ọdún 1907 ó sọ ọ́ ní Meccano, orúkọ tí ó padà kárí ayé.

Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, Jámánì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin ìṣeré ti ń wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1920, Hornby gbé tirẹ̀ jáde, èyí tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ yí bí aago. Lẹ́yìn èyí ni ó fi páànù ṣe ibùdókọ̀ àti afárá kéékèèké tì í. Àlàfo irin méjèèjì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 32. Ti Mọ́níyà jẹ́ mìlímítà 1,435, èyí ni pé ti gidi fi nǹkan bí ìlọ́po 45 ju ti ìṣeré lọ.

Níbí ni ẹ̀kọ́ Hornby ti kan ọmọ tí ó ní páálí, rúlà àti gọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Kí ó kọ́kọ́ wọn ohun tí ó fẹ́ kọ́, kí ó sì fi 45 pín ohun gbogbo: ògiri, fèrèsé àti òrùlé. Ilẹ̀kùn tí ó ga ní mítà 2 yóò di nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4 ààbọ̀. Bí ó bá fi 45 pín ògiri, tí ó wá fi ojú lásán díwọ̀n ilẹ̀kùn, ilé náà kò ní jọ ilé. Ọmọ tí ó bá ṣe èyí tán ti kọ́ ìṣirò, ó ti kọ́ sùúrù, ó sì ti kọ́ òtítọ́, nítorí rúlà kì í ṣe ojúsàájú.

Hornby di ọlọ́rọ̀. Ó ṣojú Everton ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti ọdún 1931 sí 1935, ó sì kú ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1936. Ọgbà ìjọ St Andrew's ní Maghull ni a sin ín sí.

Ṣùgbọ́n kí ilé iṣẹ́ ńlá tó wà, bàbá kan ni ó jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, tí ó ń gé páànù. Ọlọ́run tí ó fún Besaleli ní ọgbọ́n ọwọ́ láti kọ́ àgọ́ kò tíì dẹ́kun àtifi fún ọmọ ènìyàn. Bí ọmọ yín bá fọ́n páálí ká ilẹ̀ lálẹ́ òní, ẹ má ṣe tètè gbá a dànù. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì bá a di rúlà mú.