Vivien Thomas, Gbẹ́nàgbẹ́nà Tí Ó Kọ́ Àwọn Oníṣẹ́ Abẹ

Ní ọdún 1971, ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníṣẹ́ abẹ péjọ sí ilé ìwòsàn Johns Hopkins, ní ìlú Baltimore, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n wá láti bu ọlá fún ọkùnrin adúláwọ̀ kan, ẹni tí wọ́n ti pawọ́ pọ̀ ya àwòrán rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ti di olórí iṣẹ́ abẹ ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, òkìkí wọn sì ti kàn káàkiri. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí wọ́n wá yẹ́ sí kò jókòó ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn rí ní ọjọ́ kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Vivien Thomas ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó kọ́ wọn bí a ti í mú abẹ, àti bí a ti í rán iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀.

A bí Vivien Thomas ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1910, ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Ìlú Nashville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ni ó dàgbà sí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni baba rẹ̀, ó sì kọ́ ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́ náà. Vivien mọ bí a ti ń wọn pákó, bí a ti ń fi ayùn rẹ́ ẹ, àti bí a ti ń fá a títí yóò fi dán. Láti kékeré ni ó ti mọ̀ pé bí ìwọ̀n bá fi díẹ̀ yẹ̀, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Síbẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ baba rẹ̀ ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Dókítà ni ó fẹ́ dà. Nígbà tí ó jáde ilé-ìwé gíga ní ọdún 1929 pẹ̀lú ìyìn, ó ń ṣiṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ó sì ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ kí ó lè wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ènìyàn ń pète, àyè kò gbà á. Ní ìparí ọdún náà gan-an, ọ̀dá owó bo gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1930, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan júwe rẹ̀ fún dókítà òyìnbó kan tí ń jẹ́ Alfred Blalock, ẹni tí ń ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Vanderbilt. Vivien rò pé fún ìgbà díẹ̀ ni òun yóò fi ṣe iṣẹ́ náà, kí òun tó padà sí ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, báńkì tí ó fi owó rẹ̀ pamọ́ sí ti ìlẹ̀kùn, gbogbo owó náà sì ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe dí mọ́ ọn.

Blalock tètè rí i pé ọmọkùnrin tí òun gbà síṣẹ́ kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Láìpẹ́ ọjọ́, Vivien ti ń dá ṣe iṣẹ́ abẹ lára ẹranko nínú yàrá ìwádìí, ó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ó sì ń kọ gbogbo ohun tí ó bá rí sínú ìwé. Àwọn méjèèjì wádìí ìdí tí ẹni tí ó fara gbọgbẹ́ ńlá fi máa ń dákú, tí í sì í kú. Ní àkókò náà, àwọn kan gbà pé oró ni ó ń dà sínú ara wọn. Ìwádìí Blalock àti Thomas fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ àti omi tí ń jò kúrò nínú iṣan ni ó fà á, àti pé bí a bá tètè dá ẹ̀jẹ̀ padà sí wọn lára, wọn yóò yè. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, ìmọ̀ yìí gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun là.

Báwo ni wọ́n ti ń san owó fún ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí? Nínú ìwé owó oṣù yunifásítì náà, agbálẹ̀ ni wọ́n pè é, owó agbálẹ̀ sì ni wọ́n ń fún un, nítorí pé adúláwọ̀ ni. Ṣùgbọ́n Vivien kì í ṣe ẹni tí a lè tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójúkojú. Ní ọjọ́ kan, inú bí Blalock, ó sì bú u. Vivien bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì sọ fún un wọ́ọ́rọ́wọ́ pé kò sí ẹni tí ó tọ́ òun dàgbà láti gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, òun yóò sì máa lọ. Blalock tọrọ àforíjì, ó ṣèlérí pé irú rẹ̀ kì yóò tún ṣẹlẹ̀ mọ́, wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n.

Ní ọdún 1941, ilé ìwòsàn Johns Hopkins pe Blalock láti wá ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ. Ó ní òun kò ní í lọ láìsí Vivien. Ní Baltimore, àwọn adúláwọ̀ tí ń bẹ ní ilé ìwòsàn náà kì í ju agbálẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí Vivien bá ti ń kọjá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun, àwọn ènìyàn a dúró, wọn a máa wò ó tìyanu-tìyanu.

Ibẹ̀ ni dókítà obìnrin kan, Helen Taussig, ti mú ọ̀ràn ńlá kan wá bá wọn ní ọdún 1943. Àwọn ọmọdé ni ó ń tọ́jú. Etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa, nítorí náà ọwọ́ ni ó fi ń tẹ́ àyà àwọn ọmọ láti mọ bí ọkàn wọn ti ń lù. Láàárín àwọn ọmọ wọ̀nyí ni àwọn kan wà tí ètè àti èékánná wọn dúdú bí aró. Bí wọ́n bá rìn ìwọ̀nba ìrìn, èémí wọn a há, wọn a sì lósòó sílẹ̀ kí ara lè rọ̀ wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn kì í dàgbà. Ohun tí ó fà á ni pé a bí wọn pẹ̀lú àbùkù nínú ọkàn: ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró há jù, ihò sì wà lára ògiri tí ó pín inú ọkàn sí méjì. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì dé ẹ̀dọ̀fóró láti gba afẹ́fẹ́ a ya gba ihò náà, a sì padà sínú ara. Taussig bèèrè bóyá a kò lè rí ọ̀nà mìíràn tí ẹ̀jẹ̀ yóò gbà dé ẹ̀dọ̀fóró.

Vivien àti Blalock rántí ìdánwò kan tí wọ́n ti ṣe ní Vanderbilt ní ọdún 1938. Wọ́n mú iṣan kan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá, wọ́n sì rán an mọ́ iṣan tí ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ìdánwò náà kò fún wọn ní ohun tí wọ́n ń wá nígbà náà, wọ́n sì pa á tì. Ṣé ohun tí a pa tì yìí kọ́ ni oògùn àwọn ọmọ wọ̀nyí? Bí ọ̀nà odò kan bá dí, àgbẹ̀ a la kòtò láti inú odò mìíràn kí omi lè dé oko.

Vivien ni a fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ó ní láti kọ́kọ́ dá irú àìsàn náà sí ara ajá, kí ó tó wá ọ̀nà àtiwò ó sàn. Nǹkan bí ọdún méjì ni ó fi ṣe é, lára ajá tí ó tó 200. A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ẹ̀mí àwọn ẹranko náà wà nínú iye tí a fi ra ìmọ̀ yìí. Ajá kan tí ń jẹ́ Anna yè, ó sì pẹ́ láyé. Abẹ́rẹ́ tí ó wà nílẹ̀ tóbi jù fún iṣan ọmọdé; Vivien tún àwọn irinṣẹ́ ṣe, ó sọ wọ́n di kékeré. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀. Sùúrù yìí ni gbẹ́nàgbẹ́nà náà ní.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá ọdún 1944, a gbé ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Eileen Saxon wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó ti lé ní ọmọ ọdún kan, síbẹ̀ kò wúwo tó kílógíráàmù márùn-ún. Blalock ni ó mú abẹ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní kí a pe Vivien wá. Vivien gun àpótí kan lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo iṣẹ́ náà láti òkè èjìká rẹ̀, nítorí pé ó ti ṣe é ní ọ̀pọ̀ ìgbà ju Blalock lọ. Bí Blalock bá ṣiyèméjì, a bèèrè. Bí ó bá fẹ́ gún abẹ́rẹ́ sí ibi tí kò yẹ, Vivien a rọra tọ́ ọ sọ́nà. Ọmọ náà yè ní ọjọ́ náà, ara rẹ̀ sì le sí i. Ó ṣeni láàánú pé àìsàn náà padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó sì gbẹ̀mí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là. Ní oṣù kejì ọdún 1945, wọ́n ṣe é fún ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan. Kí ó tó kúrò lórí tábìlì, ètè rẹ̀ tí ó dúdú bí aró ti di pupa. Láàárín ọdún kan, ọmọ tí ó lé ní 200 ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún, àwọn òbí sì ń gbé ọmọ wọn ti ọ̀nà jíjìn wá.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1945, Blalock àti Taussig kọ ìwé lórí iṣẹ́ náà. Orúkọ àwọn méjèèjì ni aráyé fi pè é. Orúkọ Vivien Thomas kò sí níbẹ̀ rárá. Blalock tí kò jẹ́ ṣiṣẹ́ náà bí Vivien kò bá dúró lẹ́yìn rẹ̀ kò dárúkọ rẹ̀ nígbà tí ìyìn dé. Owó oṣù rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń bu ọtí fún àwọn àlejò níbi àsè Blalock, kí ó lè rí owó kún ti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì. Àwọn tí ó kọ́ ní iṣẹ́ abẹ lọ́sàn-án a máa gba ife lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́. Ní ọdún 1947, ó tún gbìyànjú àtiwọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n ní àfi kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀, ó rí i pé òun yóò ti di ẹni àádọ́ta ọdún kí òun tó di dókítà. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó sì padà sí yàrá ìwádìí láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́.

Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Blalock kú ní ọdún 1964. Àwọn tí Vivien kọ́ ni kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́. Àwọn ni wọ́n ya àwòrán rẹ̀, tí a gbé kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti Blalock. Ní ọdún 1976, Johns Hopkins fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì sọ ọ́ di olùkọ́ ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ. Oyè òfin ni, kì í ṣe ti ìṣègùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni a ti ń pè é ní Dókítà Thomas. Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1979, ó sì kú ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá ọdún 1985. Lónìí, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ti fi orúkọ rẹ̀ kún ti àwọn méjì ìṣáájú bí wọ́n bá ń dárúkọ iṣẹ́ abẹ náà.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé kí a má ṣe fi ojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ ọwọ́, nítorí ọwọ́ tí ó mọ pákó í fá ni ó rí iṣan ọmọdé rán. Èkejì wà fún ọjọ́ tí ẹ̀yin pẹ̀lú yóò di ọ̀gá. Nígbà tí ìyìn bá dé, ẹ bojú wẹ̀yìn, kí ẹ wo ẹni tí ó dúró lórí àpótí, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀ nígbà tí etí rẹ̀ ṣì lè gbọ́.